Ta Ló Pa Kálíkúlátọ̀ Mọ́tò Dírẹ́kítọ̀

Àtìní, 9 Oṣù Kìíní 1989

Ọyẹ́ mú débi pé ètè mi là. Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, wọ́n fi okùn fa mọ́tò Dírẹ́kítọ̀, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ìjọba kan, wá sí àtẹlíyé mi níbi tí mo ti ń tún iná mọ́tò ṣe, ní Gbégamey, ní Kútọnu. Mùíbì, ọkọ Àṣàbí àbúrò mi, tó jẹ́ ṣófà Dírẹ́kítọ̀, ló jókòó nídìí ọkọ̀, kò lè wò mí lójú. Pẹ́jò tuntun ni, kò tíì pé ọdún kan. Ó kú lójú títì pápákọ̀ òfurufú níbi tí wọ́n ti ń gbé olórí àwọn àlejò ilẹ̀ òkèèrè bọ̀. Àwọn àlejò ló bọ́ sílẹ̀ tì í. Dírẹ́kítọ̀ kò tì, ó ní òun ń di àsíá iwájú mọ́tò mú kó má baà ṣubú.

Irọ́ gbuu. Èmi ni mo jó irin àsíá yẹn mọ́ imú mọ́tò nígbà àjọ̀dún Oṣù Kọkànlá, erin kò lè fà á tu. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ sílẹ̀ kò ní ṣàìrí nǹkan dì mú.

Àtàláátà, 10

Kò taná, pọ́ńpù bẹntiróò kò dún. Mo tọ gbogbo wáyà láti orí dé ìdí, kò sí èyí tó já. Kálíkúlátọ̀ ló kú.

Dírẹ́kítọ̀ wá fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án, ó wọ kóòtù, ó de táì, ó bi mí kí ni wọ́n ń pè ní kálíkúlátọ̀. Mo nawọ́ sí àpótí irin pẹlẹbẹ kan nínú mọ́tò. Mo ní òun ló ń sọ fún ẹ́ńjìnì ìgbà tí yóò mu bẹntiróò àti ìgbà tí yóò taná, pé tí kò bá sọ̀rọ̀, gbogbo àwọn yòókù á dúró máa wo ara wọn.

"Bíi dírẹ́kítọ̀ nìyẹn," ó ní. Inú rẹ̀ dùn.

Ó wà lẹ́nu mi láti sọ fún un pé èyí ṣiṣẹ́ kó tó kú. Mo gbé e mì.

Àlàrùbá, 11

Wọ́n ti mú Mùíbì. Ìgbìmọ̀ Rèfólísíọ̀n ilé-iṣẹ́ wọn jókòó láàárọ̀. Ẹnìkan á ké "Ehuzu", pé ayé ti yí padà, àwọn yòókù á dáhùn "Dandan", lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní sábótáàjì ni, pé ṣófà ló mọ̀ọ́mọ̀ ba mọ́tò jẹ́ láti dójú ti ìlú lójú àlejò. Wọ́n dìbò sí i, ọwọ́ mẹ́sàn-án nínú mẹ́sàn-án ló nà sókè. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ṣe iná mọ́tò, n kò mọ̀ pé èèyàn lè fi ọwọ́ nínà mọ ohun tó ṣe ẹ́ńjìnì.

Bí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n Oṣù Kejì bá pé tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé ohun tó pa mọ́tò, dósìyé, ìwé ẹjọ́ rẹ̀, á gòkè, Mùíbì á sì lọ sí ẹ̀wọ̀n ní àríwá. A mọ àwọn tó ti lọ síbẹ̀. A kò mọ iye wọn tó padà.

Àṣàbí wá sí àtẹlíyé, òwú ìránṣọ wà lára aṣọ rẹ̀ síbẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Fòfó," bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní Kútọnu, "ẹ̀yin lẹ mọ mọ́tò náà. Ẹ bá mi wá ohun tó pa á."

Mo ní màá wá a. N kò sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ló yẹ kó ti wá ẹnu rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n bi í ní ìbéèrè fún wákàtí méjì, ó kàn ń sọ pé òun kò mọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ àbúrò mi ni mo ti mọ̀ pé kò mọ nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, 14

Mo tú àpótí náà lónìí. Ọ̀nà bàbà tó lọ sí másì, ara irin mọ́tò tí iná ń gbà padà sí bátírì, ti jó, ó dúdú, ó wú bí ara tí iná rà. Mo mọ irú ikú yìí. Ẹni tó jó irin sára mọ́tò láìtú orí bátírì ló pa á. Iná ẹ̀rọ ìjórin gba másì kọjá, ó wọnú àpótí lọ. Nígbà míì kì í pa á lójú ẹsẹ̀, ó kàn máa ṣá a lọ́gbẹ́, lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ó kú.

Òfin àkọ́kọ́ nìyí. Ọ̀gá mi ní Ṣakété á fi ọ̀pá irin gbá ọ lórí tí o bá gbé irin ìjó láìtíì tú orí bátírì. Ewúrẹ́ nìkan ló lè gbàgbé rẹ̀.

Mo gbé oúnjẹ lọ fún Mùíbì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mo bi í: "Ta ló jó irin sí mọ́tò yìí?"

Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mi ò rántí, Fòfó."

Ọkùnrin tó ń fọ mọ́tò kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kò rántí. Mo fi oúnjẹ sílẹ̀ fún un, mo sì bínú lọ.

Àtìní, 16

Bámidélé wá. Òun ni ọ̀gá garáàjì ilé-iṣẹ́ wọn, wọ́n ní ọdún márùn-ún ló fi kàwé ní Mọ́sìkò, ó sì máa ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ kí ìkíní tó parí. Ìgbìmọ̀ rán an pé kó wá gba ẹ̀rí. Mo ní kó gba àpótí tó jóná. Ó ní rárá, ibi tí ọpọlọ wà ni àwọn fẹ́. Ó yọ ohun dúdú oníẹsẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n tó wà láàárín àpótí, tí wọ́n kọ ètò ẹ́ńjìnì sí, tí àwa ń pè ní kòkòrò, ó sì gbé e lọ nínú àpòòwé. Mo ní kó rọra. Ó ní, "Ọ̀gá Ràṣídì, ẹ má ṣèyọnu, mo kọ́ nípa rẹ̀."

Mo sì rántí pé garáàjì rẹ̀ ló tún páìpù èéfín mọ́tò yẹn ṣe ní Oṣù Kejìlá. Àwọn ni wọ́n jó o. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn ológbò tó ń ṣọ́ ẹran ni wọ́n jẹ ẹ́.

Àlàmísì, 19

Mo wà ní èbúté láti àárọ̀. Iyọ̀ òkun, oòrùn, àti àwọn tí kò ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tó níṣẹ́. Tàófíìkì tó ń bá àwọn oníṣòwò Nìjẹ́ẹ̀ yọ ọjà ló mú mi lọ sẹ́yìn àwọn kọ̀ǹténà. Pẹ́jò irú ti Dírẹ́kítọ̀ wà níbẹ̀, ìdí rẹ̀ ti fọ́ nínú ìjàǹbá ní Yúróòpù, àmọ́ imú rẹ̀ pé. Tàófíìkì bẹ̀rẹ̀ owó ní ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún fún àpótí nìkan. A parí rẹ̀ sí ọgọ́ta, pẹ̀lú ìlérí pé màá tún iná ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ilé-iṣẹ́ ló máa san, ohun tí wọ́n sọ nìyẹn.

Jímọ̀, 20

Mo fi àpótí tuntun sí i. Ẹ́ńjìnì dá, ó ń ṣiṣẹ́! Àwọn ará àdúgbò pàtẹ́wọ́. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí èéfín dúdú bo gbogbo wa, ẹ́ńjìnì ń wúkọ́ bí arúgbó, bẹntiróò ń rùn. Mo pa á.

Nọ́ńbà ẹ̀yìn àpótí méjèèjì kò bára mu. Ètò tó wà nínú kòkòrò tuntun, ti ẹ́ńjìnì mìíràn ni. Kò burú. Màá yọ kòkòrò ti àtijọ́, tó mọ ẹ́ńjìnì yìí, màá gbìn ín sínú àpótí tuntun. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ku kí n lọ gba kòkòrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀.

Àlàrùbá, 25

Wọn kò lè fún mi láìṣe ìpàdé. Ìpàdé tó ń bọ̀, ó di ọjọ́ kejì Oṣù Kejì. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti dáṣẹ́ sílẹ̀, àwọn tíṣà ń tẹ̀lé wọn, owó oṣù kò sí, ìgbìmọ̀ sì ń wá ọjọ́ ìpàdé. Gàrí ti gbówó lórí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àlàmísì, 2 Oṣù Kejì

Mo dé yàrá ìpàdé wọn. Kòkòrò náà wà lójú fèrèsé, wọ́n gbé e lé òwú funfun bí ẹyin adìyẹ, wọ́n kọ "Ẹ̀RÍ SÁBÓTÁÀJÌ" sí abẹ́ rẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó bá ń kọjá lè rí i. Láti ọjọ́ kẹrìndínlógún Oṣù Kìíní ló ti wà níbẹ̀. Bébà fàdákà tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ ti kúrò.

"Ta ló bó bébà yẹn?"

"Èmi ni," Bámidélé ní. "Mo fẹ́ kọ nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ sínú dósìyé."

Abẹ́ bébà yẹn ni fèrèsé gíláàsì kékeré wà. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé, torí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń pa ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ rẹ́. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ní ojú fèrèsé tó kọjú sí òkun. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Dírẹ́kítọ̀ wọlé, gbogbo wọn dìde. Mo mú kòkòrò mo jáde.

Mo gbìn ín. Ẹ́ńjìnì kò tilẹ̀ sín. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, wọ́n máa ń wí. N kò rí ẹwà kankan.

Àtìní, 6

Mo wọ tasí lọ sí Kàláfì. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ṣófo nítorí ìdáṣẹ́sílẹ̀, àwọn ṣọ́jà wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ pé mo fẹ́ tún fáànù kan ṣe, wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Yéwándé ni wọ́n júwe fún mi, òun ló ń tọ́jú yàrá ẹ̀rọ wọn. Ọmọ Kétu ni, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ẹ̀rọ kan tó lè ka ohun tó wà nínú irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, tó sì lè kọ ọ́.

Ó gbé e sínú ẹ̀rọ. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó ní, "Bàbá, kò sí nǹkan kan níbí. Ó mọ́ bí síléètì tuntun."

Ó tẹ́tí gbọ́ ìtàn fèrèsé náà. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. Ó ní ó ṣeé kọ padà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ rí èyí tó wà láàyè tí yóò dà á kọ. "Ẹ bá mi wá mọ́tò tó jẹ́ ìbejì rẹ̀."

Àlàmísì, 9

Ìbejì rẹ̀ wà ní Sèmè-Podji, lọ́wọ́ Ìyá Rùkáyátù tó ń ta ẹja yìnyín. Mọ́tò náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yìnyín, àwọ̀n ìpẹja wà lórí rẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́: kí n tú ọpọlọ mọ́tò rẹ̀ tó ń rìn, kí n gbé e lọ sí Kàláfì fún ọjọ́ kan, nítorí èyí tó kú. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni etí mi ń gbọ́ bí ó ṣe rí.

Ìyá náà jókòó lórí páálí ẹja, ó ń jẹ obì. Ó bi mí ta ni wọ́n tì mọ́lé. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ọkọ àbúrò ẹ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ó dáa. Mú un lọ. Àmọ́ tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ, ìwọ fúnra ẹ ni kó o wá sọ fún mi, kó o dúró síwájú mi báyìí. Má rán ẹnikẹ́ni. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé òjò ló pa á, pé eku ló jẹ ẹ́. Ẹja ni mò ń tà, mo mọ bí nǹkan ṣe ń rùn."

Mo ní kò sí ìṣòro, èmi kì í ṣe irú wọn.

Àlàrùbá, 15

Ọjọ́ mẹ́fà ni iná ọba fi lọ ní Kàláfì. Ó dé lónìí ní agogo méjì ààbọ̀. Yéwándé gbé kòkòrò Ìyá Rùkáyátù sínú ẹ̀rọ, ó kà á. Ó gbé tiwa síbẹ̀, ó kọ ọ́. Kò ju bí èèyàn ṣe ń mu ife tíì kan lọ. Ó gé bébà fàdákà láti inú páálí sìgá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ pinpin. Mo fẹ́ fún un ní nǹkan. Ó ní kí n bá òun tún fáànù ṣe nígbà náà, torí fáànù kan bàjẹ́ lóòótọ́.

Mo gbé ti Ìyá padà sí Sèmè kí oòrùn tó wọ̀. Mọ́tò rẹ̀ dá ní ìfọwọ́kàn kan. Ó fún mi ní ẹja mẹ́rin.

Àlàmísì, 16

Ó dá. Kò sí èéfín, kò wúkọ́. Mo gbé ife omi lé orí ẹ́ńjìnì, omi kò mì. Mo dúró tì í fún ìgbà pípẹ́. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Ní gbogbo ìlú yìí tí wọ́n ti ń fi ẹnu kọ́lé, mo mọ ohun kan ní àmọ̀dájú.

Jímọ̀, 17

Dírẹ́kítọ̀ wa mọ́tò yípo Gbégamey, ó fun fèrè fún àwọn tó ń ta ẹ̀wà. Mo ní ó yá, kí wọ́n tú Mùíbì sílẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mọ́tò tó dá kò sọ ẹni tó pa á. Ìgbìmọ̀ fẹ́ rápọ̀, lórí ìwé, ohun tó fà á àti orúkọ ẹni tó fà á, kó tó di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.

Rápọ̀ ni wọ́n fẹ́. Wọ́n á rí rápọ̀.

Àìkú, 19

Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́rin. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí: "Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé." Mo ṣàlàyé másì tó jó. Mo kọ ọ́ pé ẹni tó bá jó irin láìtú orí bátírì kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń gbé mọ́tò fún, kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ gan-an fún, pé aláìmọ̀kan ni, ọ̀lẹ ni, ó sì yẹ kí wọ́n tì í mọ́lé dípò ṣófà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà mo kọ orúkọ garáàjì Bámidélé àti páìpù èéfín Oṣù Kejìlá. Mo kà á fún Àṣàbí. Ó ní ó le. Mo ní òtítọ́ ló le.

Àtìní, 20

Bámidélé ti gbọ́. Ó wá láàárọ̀, ó gbé ìwé garáàjì rẹ̀ dání, ìwé ńlá tí wọ́n fi rúlà fà láìní yíyà kan. Ojú rẹ̀ kò dùn, àmọ́ kò pariwo. "Ọ̀gá, ti kòkòrò yẹn, èmi ni mo jẹ̀bi, mo ti sọ ọ́ níwájú wọn. Àmọ́ ti páìpù, ẹ wo ibí." Ọjọ́ kẹrìnlá Oṣù Kejìlá: páìpù èéfín, kí wọ́n fi ìdè onírin àti bóòtì méjì dè é, kò sí jíjó, ẹ̀rọ ìjórin wọn ti bàjẹ́ láti Oṣù Kẹsàn-án.

Mo ní ìwé kò lè dúró fún mọ́tò. Mo dùbúlẹ̀, mo wọ abẹ́ mọ́tò láti fi irọ́ rẹ̀ hàn án. Ìdè onírin ni, bóòtì méjì. Mo yẹ gbogbo abẹ́ mọ́tò wò, iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n jó lábẹ́ mọ́tò yẹn láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Mo fà jáde láti iwájú, mo dìde, orí mi sì kọlu irin àsíá.

Bámidélé bi mí bóyá ó dùn mí. Mo ní rárá. Ó wo irin náà, ó wò mí, ó gbé ìwé rẹ̀, ó lọ.

Àtàláátà, 21

N kò ṣí àtẹlíyé.

Àlàrùbá, 22

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, ó kéré tán níbí.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Oṣù Kọkànlá ni, ó ku ọ̀la kí àjọ̀dún wáyé, gbogbo dírẹ́kítọ̀ ìlú ń wá ẹni tó máa jó irin àsíá mọ́ mọ́tò wọn. Dírẹ́kítọ̀ jókòó sínú mọ́tò, rédíò ń ka ọ̀rọ̀ àjọ̀dún. Mo mú sípánà, mo ti gbé e lé orí bátírì. Ó yọjú, ó ní, "Tí rédíò yìí bá dákẹ́, màá mọ̀ pé o kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Rèfólísíọ̀n." Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. N kò rẹ́rìn-ín. Mo fi sípánà sápò.

Mùíbì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó rọra ní, "Fòfó, bátírì ńkọ́?"

Mo ní, "Ìwọ wa mọ́tò rẹ, jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi."

Mo jó o. Ó lẹ̀ dáadáa. Mo sì gbàgbé, nítorí pé èèyàn kì í fẹ́ rántí ọjọ́ tí ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo ń fi gbogbo wọn ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé yìí láti oṣù kan ààbọ̀, ẹ̀rín ẹnu Dírẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo ló mú kí n ṣe ohun tí ewúrẹ́ nìkan ń ṣe. Mo tún ojú ìwé mẹ́rin yẹn kà. Gbogbo orúkọ tí mo pe ẹni náà, èmi ló ń jẹ́ ẹ.

Mo sì tún rò ó, kí n sọ òtítọ́ dópin. Mo rò ó pé ta ló máa mọ̀. Mo lè kọ pé òjò ló pa á, pé eku ló jẹ ẹ́.

Àlàmísì, 23

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mùíbì ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ kún. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Kò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ mi yé. "Láti ọjọ́ tí mọ́tò kú, Fòfó. Níbi tí wọ́n ti ń tì í ni mo ti rántí."

"Mo bi ẹ́, o ní o kò rántí."

"Ẹ̀yin lẹ bi mí. Kí ni mo fẹ́ sọ?" Ó fa irùngbọ̀n rẹ̀. "Tí mo bá dárúkọ yín fún wọn, ẹ̀yin ni wọ́n máa wá mú. Ta ló máa wá tún mọ́tò ṣe? Bámidélé? A ó jọ wà níbí títí di ọ̀la. Àti pé Àṣàbí ò ní dárí jì mí tí mo bá fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́wọ̀n. Mo ní kí n ní sùúrù, ẹ ó rí i fúnra yín."

"Tí mi ò bá rí i ńkọ́?"

"Ẹ mọ iṣẹ́ yín," ó ní. "Ẹ máa rí i."

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń pè é ní òmùgọ̀, nínú ilé mi, lẹ́yìn rẹ̀ àti lójú rẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní ata pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ tí mo gbé wá, kí n sọ fún Àṣàbí.

Àtìní, 27

Mo ya rápọ̀ àkọ́kọ́. Mo lọ dúró níwájú ìgbìmọ̀ fúnra mi, n kò mú ìwé kankan dání. Ehuzu. Dandan. Àwọn mẹ́sàn-án jókòó, Dírẹ́kítọ̀ wà láàárín wọn, Bámidélé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ní èmi Ràṣídì ni mo pa kálíkúlátọ̀ mọ́tò náà, kì í ṣe ṣófà. Mo ní mo jó irin àsíá láìtú orí bátírì. Akọ̀wé ń kọ ọ́, bírò rẹ̀ ń dún.

Alága bi mí kí ló dé tí n kò tú u, ṣé n kò mọ̀ ni.

"Mo mọ̀, kàmáráàdì. Rédíò ló ń sọ̀rọ̀. Kàmáráàdì Dírẹ́kítọ̀ ní kò gbọdọ̀ dákẹ́."

"Kí ni rédíò ń sọ?"

"Ọ̀rọ̀ àjọ̀dún."

Bírò akọ̀wé dúró. Dírẹ́kítọ̀ ń wo òkè àjà bí ẹni tó ń ka pákó. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní láti kọ gbogbo rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ àjọ̀dún Rèfólísíọ̀n ló pa mọ́tò Rèfólísíọ̀n. Mo rí i lójú wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé e dé ìparí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Alága wá gba ìwé lọ́wọ́ akọ̀wé, ó ya ojú ewé náà, ó ká a sápò.

Ó ní Kútọnu súnmọ́ òkun jù. Ó ní gbogbo ayé ló mọ ohun tí iyọ̀ òkun ń ṣe sí irin. Ó ní ta ló fara mọ́ ọn.

Ọwọ́ mẹ́sàn-án nínú mẹ́sàn-án.

Mo ní kì í ṣe òkun, èmi ni. Alága ní wọ́n ti dìbò. Bámidélé ló ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ní, "Ẹ káre, ọ̀gá." Wọ́n tú Mùíbì sílẹ̀ ní agogo mẹ́ta.

N kò lọ sẹ́wọ̀n, wọn kò bú mi, orúkọ mi kò sí nínú ìwé wọn. Ibí nìkan ló wà.

Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹta

Mo lọ sí Sèmè, mo dúró síwájú Ìyá Rùkáyátù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan rẹ̀ tó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó jẹ obì rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò gbọ́ òórùn kankan nínú èyí.

Àtàláátà, 7

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lóru, ilẹ̀ ń rùn dáadáa. Dírẹ́kítọ̀ rán mọ́tò wá, ó ní kí n gé irin àsíá kúrò, kí iyọ̀ òkun má baà gba ibẹ̀ wọlé. Mùíbì ló wà á wá. Ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ó fi rédíò sílẹ̀, ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ nípa ìkórè ọdún yìí.

Mo gbé irin ìjó. Mùíbì ṣí orí ẹ́ńjìnì, ó dúró.

"Fòfó, bátírì ńkọ́?"

Mo gbé irin sílẹ̀, mo na sípánà sí i. Ó tú u. Rédíò dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.